Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Fà Sínú?

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Ìlá-Ọ̀ràngún, ta ni kì í wúkọ́? Eruku ojú ọ̀nà, èéfín oko tí àwọn àgbẹ̀ ń sun, èéfín igi ìdáná, gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọ ọ̀nà ọ̀fun wa. Ìdí nìyí tí ikọ́ ọmọ kì í fi í tètè ba òbí lẹ́rù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. A ó fún un ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́, a ó fi òróró pa á láyà, a ó sì máa retí kí ọyẹ́ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọyẹ́ ti ń lọ ni ikọ́ náà ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ikọ́ kan wà lóde òní tí kì í ṣe ti ọyẹ́. Òun ni àwa, bàbá àti ìyá nínú ilé kan, fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó ti kan ilẹ̀kùn wa.

Ohun Tí Ó Dà Bí Bíírò

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan láìmọ ohun tí í ṣe. Òmíràn rí bíi bíírò, òmíràn rí bí àpótí ìṣáná kékeré. Bátìrì wà nínú rẹ̀, omi olóòórùn dídùn náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹni tí ó ń lò ó bá ti fà á, bátìrì á mú wáyà tínrín kan gbóná, omi náà á di èéfín, èéfín náà á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Vape ni àwọn ọmọ ń pè é. Kì í rùn bí sìgá, ó ń ta sánsán bí ọ̀pẹ̀-òyìnbó tàbí súìtì. Ọmọ lè lò ó nínú yàrá rẹ̀ kí òbí wọlé, kí òbí sì rò pé lọ́fíńdà ni ó fín sára.

Nicotine, èròjà inú tábà tí ń sọ ènìyàn di ẹrú sìgá, wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn sì ń bu òróró tí a yọ lára igbó, ìyẹn igbó tí a ń mu, sínú rẹ̀. THC ni orúkọ èròjà inú igbó tí ń pa ènìyàn bí ọtí. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Àrùn Tí Kò Ní Orúkọ

Ní oṣù keje ọdún 2019, àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ Wisconsin àti Illinois ní Amẹ́ríkà rí ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn, tí wọn kò lè mí dáadáa. Wọ́n ń wúkọ́, àyà ń dùn wọ́n, ibà ń ṣe wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bì. Fọ́tò àyà fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn dókítà wá kòkòrò tí ń fa òtútù àyà, wọn kò rí i. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, ìròyìn ikú àkọ́kọ́ jáde láti Illinois.

Bí kò bá sí kòkòrò, kí ni ó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, ohun kan náà ni ó sì ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: wọ́n ń lo vape.

Síbẹ̀, ọ̀ràn náà kò tíì yé wọn tán. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ti ń lo vape fún ọdún púpọ̀ ṣáájú ìgbà náà. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ọdún 2019 ni wọ́n ń ṣubú lulẹ̀ báyìí? Ṣé nicotine ni? Ṣé ohun olóòórùn dídùn ni? Ṣé irin inú ẹ̀rọ náà ni? Àwọn olùwádìí fi ọ̀rọ̀ wá àwọn aláìsàn 86 lẹ́nu wò ní ìpínlẹ̀ méjèèjì náà. Nǹkan bí 87 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó jẹ́wọ́ pé àwọn ti lo THC. Púpọ̀ nínú wọn kò rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ àti ọwọ́ àwọn tí ń tà á ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti gbà á.

Ìdí tí ìjẹ́wọ́ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé òun ni ó fi ọ̀nà han àwọn onímọ̀ nínú láàbù. Ní oṣù kẹsàn-án, Ìpínlẹ̀ New York kéde pé vitamin E acetate wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú òróró igbó tí àwọn aláìsàn kó wá. Èròjà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó wà nínú àwọn ìpara tí a fi ń pa ara, a sì ń gbé irú rẹ̀ mì nínú oògùn alára-líle, kò sì ń ṣe wá ní nǹkan kan. Àwọn oníjìbìtì ni wọ́n ń bù ú lu òróró igbó, nítorí pé ó ki bí òróró náà. Ẹni tí ó rà á kò ní mọ̀ pé wọ́n ti là á. Ṣùgbọ́n ohun tí awọ ara gbà, tí ikùn sì gbà, ẹ̀dọ̀fóró kò gbà á.

Ní oṣù kọkànlá, CDC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí dídènà àrùn, ṣe àyẹ̀wò omi tí a fà láti inú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn 29. Vitamin E acetate wà nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún yẹ ènìyàn 51 wò: wọ́n bá a lára 48. Wọ́n wá yẹ àwọn 99 tí ara wọn dá wò, wọn kò bá a lára ẹyọ kan. Ní Minnesota, wọ́n wo òróró tí ọlọ́pàá gbà ní ọdún 2018, kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n wo èyí tí ọlọ́pàá gbà ní ọdún 2019, ó wà nínú gbogbo èyí tí wọ́n yẹ̀ wò. Nígbà náà ni ó yé wọn ìdí tí ó fi jẹ́ ọdún yẹn.

Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2020, ènìyàn 2,807 ni wọ́n ti kà tí àìsàn náà gbé dé ilé ìwòsàn tàbí tí ó pa. Àwọn 68 ni ó kú. Ìdajì àwọn aláìsàn náà ni kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 24 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé, "Òróró igbó ni, tèmi kò ní igbó nínú." Àwọn kan wà lára àwọn aláìsàn náà tí wọ́n ní nicotine nìkan ni àwọn lò, CDC náà sì sọ pé àwọn kò tíì lè dá àwọn èròjà yòókù láre.

Irú Rẹ̀ Ti Ṣẹlẹ̀ Nítòsí Wa

Bí ẹnì kan bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìyí, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú, púpọ̀ nínú wọn sì kú kí ọjọ́ kan tó pé. Ó lé ní ènìyàn 15 tí ó bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ni ó ń bínú. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé Ebola ni ó tún dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, methanol ni wọ́n rí, ọtí olóró tí a ń lò ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí kì í ṣe fún mímu. Inú ògógóró ni ó wà.

Ẹ wò ó, ará. Ní Òde-Ìrèlè, inú ìgò ògógóró ni májèlé sá sí. Ní Amẹ́ríkà, inú vape ni. Ní ibi méjèèjì, ẹni tí ó lò ó kò mọ ohun tí ẹni tí ó tà á bù lù ú. Ní ibi méjèèjì pẹ̀lú, bí ènìyàn kò bá sọ ohun tí ó mu tàbí ohun tí ó fà, òkùnkùn ni oníṣègùn wà.

Ohun Tí Ojú Tiwa Rí

Ní ìparí ọdún 2023, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa wá lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa ní Ìlá. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kàwé ní ìlú mìíràn, Ìbàdàn sì ni àwọn òbí rẹ̀ wà. "Bàbá Ìlá" àti "Màmá Ìlá" ni ó ń pè wá láti kékeré. Gbogbo ilé ni ó ń wúkọ́ nígbà náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara àwọn yòókù yá, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń burú sí i. Bí ó bá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, á dúró mí hẹlẹhẹlẹ. Oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀.

Àwọn ẹbí dé. Ẹnì kan ní ogun ìdílé ni. Ẹnì kan ní ẹni tí ń jowú ìwé tí ó ń kà ni. Òmíràn ní kí a gbé e lọ sí orí òkè fún ọjọ́ mẹ́ta. A dá wọn lóhùn pé àdúrà kò ní kí a má lọ sí ilé ìwòsàn. A gbàdúrà lé e lórí ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, a gba ọ̀nà Òṣogbo.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n sì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti wá ikọ́ ife. Dókítà obìnrin kan jókòó tì í.

"Ṣé o ń mu sìgá?"

"Rárá, mà."

"Igbó ńkọ́?"

"Rárá, mà." Ṣùgbọ́n àwa ni ó ń wò bí ó ti ń dáhùn.

Dókítà náà rí i. Ó ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa jókòó níta díẹ̀." A jáde. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú wa. Nígbà tí ó pè wá padà, ó ní ọmọ náà ti gbà kí òun sọ fún wa. Ó ti ń lo vape fún nǹkan bí ọdún kan. Láti bí oṣù mélòó kan, ìgò kékeré kan tí kò ní àkọlé ni ó ń rà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó mọ̀ lórí fóònù, kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: nígbà tí ó ní òun kò mu sìgá, lójú tirẹ̀, kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Vape kì í ṣe sìgá lójú àwọn ọmọ. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan, kò ní lè béèrè rẹ̀.

A tẹ ẹ̀gbọ́n wa láago. Inú bí i gidigidi. Ó ní ọmọ náà kò tún ní rí kọ́bọ̀ òun fún ilé-ìwé mọ́. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun. Bí ẹ bá fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí òtítọ́ tí ó sọ lónìí, irọ́ ni yóò máa pa fún dókítà lọ́la." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí a gbé fóònù fún un. Ohun tí a gbọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Wọn kò rí ikọ́ ife. Dókítà kò búra pé vape ni ó fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ọmọ náà sọ ni ó jẹ́ kí òun mọ ọ̀nà tí òun yóò gbà tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, a mú un padà sílé. Fífi í sílẹ̀ kò rọrùn fún un. Oorun kò kùn ún, ohun kékeré ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n ó ti fi í sílẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Fetí Sílẹ̀

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín, ẹ sì pe nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró títí ikọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọ tí ń lo vape bá ń wúkọ́, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí délẹ̀, tí ó ń bì tàbí tí ibà ń ṣe é, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ mú ẹ̀rọ náà àti ìgò rẹ̀ dání. Ẹ má ṣe fi ìbínú sọ ọ́ sí àkìtàn kí dókítà tó rí i. Bí dókítà bá sì ní kí ẹ jáde, ẹ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó ta ìgò náà fún yín kò mọ orúkọ ìyá yín, kò sì ní wá bẹ̀ yín wò lórí ibùsùn. Ẹ fi í sílẹ̀ lónìí. Bí ó bá sì ti di ìdè, ẹ sọ fún ẹni kan tí ó fẹ́ràn yín.

Àwọn àgbà ní, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ọwọ́ òsì náà wà níbẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ó ń fà sínú kí ẹ̀mí rẹ̀ tó bọ́. Kí Olúwa dáàbò bo èémí àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún wa ní etí tí ń gbọ́ òtítọ́ wọn. Àmín.