Wáyà Kan, Iṣẹ́ Méjì

Iná nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ wáyà. Àmọ́ ní Ugbolokposo tí mò ń gbé, lẹ́bàá Effurun nítòsí Warri, wáyà tó ń gbé iná wọlé fún wa náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lọ sórí òpó.

Mítà alásansílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé wà lórí òpó níta. Ẹ̀rọ kékeré oníbọ́tìnnì ló wà nínú ilé, tí a máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ra iná, nọ́ńbà 20 là ń tẹ̀ sí i. Nínú irú èyí tó ń lo wáyà iná, ẹ̀rọ náà á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ gba inú wáyà ilé, mítà á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fèsì. Iná wa ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; láàárín 3,000 sí 148,500 ni ìlànà Yúróòpù fún irú ìránṣẹ́ yìí. Ìyàtọ̀ yẹn ni mítà fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ lára iná.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà aládùúgbò mi ké sí mi pé mítà òun ò gba nọ́ńbà mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká pa jẹnẹrétọ̀ ná, ká dá ṣénjì-ófà padà sí ti NEPA."

"Ṣé inú òkùnkùn la ó ti tẹ̀ ẹ́ ni?"

Mo ki bátìrì sínú ẹ̀rọ náà, torí mítà ti gé iná. A tún nọ́ńbà tẹ̀, ó wọlé. Bí ṣénjì-ófà bá ti kọjú sí jẹnẹrétọ̀, ilé àti òpó ti pínyà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ò rí ọ̀nà gbà.

Wáyà tí wọn ò so dáadáa àti cháájà tí kò dára náà ń da ariwo sójú ọ̀nà yìí. Àwa á ní mítà ló bàjẹ́. Ariwo yìí kan náà ló ń yọ àwọn tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, láti ìgbà tí HomePlug, ìlànà fún irú íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ti jáde lọ́dún 2001.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń wáyà ilé: ẹ so ó kó le, ẹ má fi ọ̀rá lásán wé e. Ẹ̀yin tó ń gbé mítà fún wa, ẹ ṣàlàyé fún onílé lédè tó gbọ́. Ẹni tó ti sanwó iná ò yẹ kó sùn sókùnkùn nítorí ohun tí àlàyé ìṣẹ́jú díẹ̀ lè yanjú.