Ẹ̀ṣọ́ Ni Í Gba Ọba Là: Láti Sábó Ọ̀yọ́ Dé Sábó Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Sábó dáadáa, kí ó má ṣe dé ibẹ̀ ní ọjọ́kanrí. Kùtùkùtù ni kí ó dé, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti fi gbogbo òru rìn bọ̀ láti Òkè Ọya bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì gbóná, tí dírẹ́bà sì ti tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀ tí ó ń hanrun. Ìgbà yẹn ni ẹ ó rí àwọn alábàárù. Wọ́n á bọ́ ẹ̀wù, wọ́n á gbé òṣùká lérí, àpò àlùbọ́sà á sì máa bọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọlọ́jà ni à ń kí pé ó kú ọjà, dírẹ́bà ni à ń kí pé ó kú ewu ọ̀nà. Alábàárù ńkọ́? Ọrùn rẹ̀ ni ẹrù jókòó lé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó ti rí ní Sábó Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ Hausa ni Sábó, tuntun sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Òkè Ọya, Sábọ̀n Gàrí ni wọ́n ń pe àdúgbò tí àwọn àlejò láti Gúúsù ń gbé, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Nílẹ̀ Yorùbá ẹ̀wẹ̀, Sábó ni à ń pe àdúgbò tí àwọn Hausa ń gbé. Ti Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1916. Bí ìlú kan bá wà tí ó mọ adùn àti ìkorò àlejò, Ògbómọ̀ṣọ́ ni, nítorí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti fi òwò ṣíṣe dé Jọ́ọ̀sì, wọ́n dé Kánò, wọ́n dé Gáná. Nígbà tí ìjọba Gáná pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ sílé, púpọ̀ nínú wọn ni ó padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ lè gbé. Ẹni tí ó ti ṣe àlejò rí ni í mọ bí a ṣe ń gba àlejò.

Iṣẹ́ kan wà tí gbogbo ayé mọ ará Sábó mọ́. Iṣẹ́ mẹ́gáàdì ni. Ọ̀gá á sùn sínú yàrá, mẹ́gáàdì á jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti kùmọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí olè bá wọlé nìkan ni wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání o, ẹ̀yin òǹkàwé, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Tírélà ni ó kún ọ̀nà náà, ẹni tí ó bá sì ń gba ibẹ̀ kì í gbàgbé àdúrà. Ṣùgbọ́n bí tírélà ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà yìí, ìtàn pọ̀ jù ú lọ. Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin kì í dá dúró. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ wà, 70 ni wọ́n, akọni tí a fi oyè dá lọ́lá. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí ogun, kì í sì í bá Aláàfin gbé inú olú ìlú. Ìlú tirẹ̀ ni ó ń gbé, kí ogun tó dé ọ̀dọ̀ ọba kí ó ti bá a pàdé lọ́nà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Kakaǹfò Tóyèjẹ́ ti jáde. Ibẹ̀ náà ni Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ti jáde, ẹni tí ó jẹ oyè náà ní 1964.

Orúkọ ìlú náà pàápàá, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ni. Àwọn àgbà sọ pé ọdẹ kan, Ògúnlọlá, tí ó tẹ̀dó sábẹ́ igi àjàgbọn, ni ó gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Ó gb'orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, òun ni ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Aláàfin ní kí wọ́n jẹ́ kí ó máa ṣe ọ̀hún, ibẹ̀ ni oyè Ṣọ̀ún ti wá. Nítorí náà, bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ dó ni ẹ dé yẹn.

Ní Sábó yìí ni ọmọkùnrin fókánáísà kan ti ń wo fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà, tí ó sì ń pe ìyá alálùbọ́sà tí ó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wo ọmọ yín ní Amẹ́ríkà."

"Ọmọ mi kẹ̀? Ta ni orúkọ rẹ̀?"

"Fáṣànú ni, mà. Olúmúyìwá Fáṣànú."

"Háà! Orúkọ ilé aláwo nìyẹn. Ṣé òun ni ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé?"

"Rárá o, mà. Òun kì í sábà fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù."

"Kí ni wọ́n wá ń torí ẹ̀ sanwó fún un?"

"Wọ́n ń sanwó fún un kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ẹlòmíràn ni, mà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́gáàdì ni, àbí? Ìwọ náà ò tètè sọ bẹ́ẹ̀!"

Ìyá kò jayò pa. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe irú èyí tí Shooting Stars ń gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, tí wọ́n sì fi ń jù ú, ó sì ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí bí odidi kòkó. Èèyàn 11 ní ń dojú kọ èèyàn 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Yáàdì kan náà tí ìyá aláṣọ fi ń wọn àǹkárá ni. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á tún gba ẹ̀ẹ̀mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ọ̀tá.

Ẹnì kan wà láàrin wọn tí ó dà bí Aláàfin. Quarterback ni wọ́n ń pè é. Òun ni í gba bọ́ọ̀lù, òun ni í wòye ẹni tí yóò jù ú sí. Kí ó tó wòye tán, àwọn òmìrán ti ń sáré bọ̀ láti là á mọ́lẹ̀. Márùn-ún ni àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ẹni àárín ni í ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn gba agbede ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Méjì tí ó tẹ̀ lé e, lọ́tùn-ún lósì, guard ni wọ́n ń pè wọ́n, gáàdì kan náà tí ó wà nínú mẹ́gáàdì. Méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun ni wọ́n ń pè ní tackle. Wọ́n lè fi ọwọ́ ti ọ̀tá, wọ́n lè fi àyà dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ dì í mú. Bí wọ́n bá dì í mú, wọ́n á dá ẹgbẹ́ wọn padà sẹ́yìn ní yáàdì 10. Ẹ̀ṣọ́ ìpẹ̀kun apá òsì ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù, nítorí quarterback tí ó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ni ó kọ sí apá òsì. Kò rí ẹni tí ń bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ yẹn ni ojú tí ó ní lẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ New York Jets mọ iye tí ẹ̀ṣọ́ ń náni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n gba Aaron Rodgers, quarterback tí ó ti gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tí ó peregedé jù lọ ní líìgì wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìlú mì tìtì. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, wọ́n kojú Buffalo Bills. Rodgers kò tíì ju eré mẹ́rin lọ lórí pápá tí ọ̀tá fi já gba apá òsì wọlé, ó là á mọ́lẹ̀, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ sì já. Sáà ti parí fún un nìyẹn. Jets borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún ìdíje náà parí, 7 ni wọ́n borí, 10 ni wọ́n pàdánù. Wọ́n ra adé olówó iyebíye, wọn kò ra ẹ̀ṣọ́ tí yóò dáàbò bo orí tí ó dé e.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Ohun tí kápẹ́ńtà gidi ń ṣe sí ilé tí ikán ti jẹ òpó rẹ̀ ni. Kì í kun ọ̀dà, òpó ni í kọ́kọ́ yọ. Ní ọdún 2024, wọ́n kó àgbà ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta wọlé: Tyron Smith, Morgan Moses àti John Simpson. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń mú àṣàyàn ọ̀dọ́ láti yunifásítì, Jets mú Fáṣànú láti Penn State. Òun ni ẹni kọkànlá tí wọ́n mú nínú gbogbo Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà. Ó ga tó mítà méjì díẹ̀ ló kù, ó sì wọ̀n ju kílò 140 lọ. Owó tí wọ́n bá a ṣàdéhùn rẹ̀ tó mílíọ̀nù 20 dọ́là fún ọdún mẹ́rin. Olu ni àwọn ará Amẹ́ríkà gé orúkọ rẹ̀ kù sí. Washington ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, agbègbè kan náà tí Ọba Ghandi Ọláoyè ti ń ṣe pásítọ̀ kí ó tó gorí ìtẹ́ Ṣọ̀ún ní 2023. Ayé kò fẹ̀ tó bí a ti rò.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n fi Fáṣànú sẹ́yìn Tyron Smith gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ sẹ́yìn ọ̀gá. Smith ti lé ní ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀gá farapa kí sáà tó parí, ọmọ iṣẹ́ bọ́ sípò rẹ̀. Ní 2025 ọ̀gá fẹ̀yìn tì, Jets sì tún mú ọ̀dọ́ mìíràn, Armand Membou, kí ó lè máa ṣọ́ apá ọ̀tún.

Ṣé Jets wá di aborí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Rárá o. Rodgers gbá gbogbo ìdíje 17 ti sáà 2024, síbẹ̀ 5 ni wọ́n borí, 12 ni wọ́n pàdánù. Ẹ̀ṣọ́ nìkan kọ́ ni í borí ogun, àti pé ẹ̀ṣọ́ márùn-ún kì í fi oṣù kan mọ ọwọ́ ara wọn. Ẹ bi àwọn alábàárù Sábó léèrè. Bí mẹ́rin bá gbé ẹrù kan ṣoṣo, tí ẹnì kan sì tètè sọ̀ kí àwọn yòókù tó sọ̀, ẹsẹ̀ ni ẹrù yóò já lé.

Àwọn ọ̀dọ́ Sábó tí ó sanra tí ó síngbọnlẹ̀ yóò béèrè pé, àwa ńkọ́? Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n ó há. Prince Tega Wanogho, ọmọ ìpínlẹ̀ Delta, kàwé lọ sí Amẹ́ríkà láti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ni ó dà. Roy Mbaeteka, ọmọ Anambra, kò tíì gbá ìdíje kan rí tí New York Giants fi bá a ṣàdéhùn ní 2022. Osi Umenyiora, tí ó gba ife ẹ̀yẹ Super Bowl ní ẹ̀ẹ̀mejì, ni ó ń wá irú wọn kiri Áfíríkà. Ní ọdún 2022 kan náà ni líìgì náà ṣe ìdánwò ní Accra. Babatunde Aiyegbusi, tí wọ́n bí ní Pólàńdì, dé ọ̀dọ̀ Minnesota Vikings ní 2015, ṣùgbọ́n kò rí àyè. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìjàkadì ti rí i rí. Òun ni wọ́n pè ní Commander Azeez nínú WWE ní 2021, ẹ̀ṣọ́ náà sì ni ó tún ń ṣe níbẹ̀!

Nítorí náà, ìyá tí ẹnì kan bá wá bá pé kí ó ta ṣọ́ọ̀bù kí ọmọ rẹ̀ lè lọ gbá bọ́ọ̀lù yìí, kí ó rọra. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ọmọ náà, kí ó sì fi han ẹni tí ó mọ̀wé. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé iṣẹ́ tí ń ba orí jẹ́ ni. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn pé kí líìgì náà máa sanwó fún àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ nítorí ìfarapa lórí pápá.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti padà wá sí Sábó. Àwọn aláwọ̀ funfun pẹ́ kí wọ́n tó mọyì ẹni tí ó dúró níwájú, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sanwó rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí agbára bá tán. Alábàárù tí ọrùn rẹ̀ wọ́ ní Sábó Ọ̀yọ́, ta ni ń tọ́jú rẹ̀? Mẹ́gáàdì tí olè ṣá ládàá ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni ń gbé e dé ọsibítù? Ọlọ́jà tí ó fi gbogbo èrè rẹ̀ kun ọ̀dà sí ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń yọ owó alábàárù kù, Jets ti 2023 ni. Mẹkáníìkì tí ó ra irinṣẹ́ tuntun, tí kò kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, Jets ti 2023 ni òun náà.

Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tí ó ń dá àjọ ìnáwó ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àjọ wọn fún ìtọ́jú àwọn tí ń gbé ẹrù wọn. Ọjà tí ó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà, kí àwọn yòókù lè rí i kọ́.