Ẹrù Tí A Kò Dárúkọ

Àwa tí a fi iṣẹ́ rélùwéè jẹun láti ìgbà èwe títí ewú fi gba orí wa, ìbáà jẹ́ Kristẹni ni wá, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, a kì í fi orúkọ Ògún Lákáayé ṣeré, nítorí kò sí ẹni tó bá irin gbé pẹ́ tí kò mọ̀ pé irin kò mọ ọmọ, kò mọ bàbá. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń kó lé irin lórí ló ń bà mí lẹ́rù ju irin fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá da kòkó nù, a ó ṣà á. Bí gẹdú bá yí sílẹ̀, a ó pe ẹlẹ́rọ kó wá gbé e. Ṣùgbọ́n bí epo bẹntiróòlù tàbí ẹ̀tù ìfọ́pàta bá yọwọ́ nínú ìkáwọ́ ẹni tó ń gbé e, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti oníṣẹ́ nìkan, ó di ti gbogbo ìlú.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni bàbá mi ti ta aṣọ dé Àkrá, ọmọ Gã sì ni ìyá mi. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde ní ilẹ̀ Gánà, tí àwọn ẹbí bàbá mi sì di ẹrù wọn tẹkúntẹkún, agboolé ìyá mi ni mo yà sí, ibẹ̀ ni mo sì gbà wọ iṣẹ́ rélùwéè. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Àkrá ní 1909, tó sì kan Kumasi ní 1923, gba ẹ̀gbẹ́ Odawna kọjá, nítòsí ibi tí odò Odaw gbà ń wọ́ lọ sí ọ̀sà Korle, àdúgbò náà ni mo sì ń gbé títí di òní olónìí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa so wágọ́ọ̀nù mọ́ra, kí n sì máa tú wọn. Bàbá ará Ọ̀fà kan ni olórí wa, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò wọn, ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá wọlé, bàbá yìí á gba ìwé ẹrù lọ́wọ́ gáàdì, á kà á tán pátá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, lẹ́yìn náà á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara táńkà kọ̀ọ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbóòórùn ìdí ẹnu rẹ̀. Orúkọ ẹrù ni yóò wá fi ohùn òkè pè, ní èdè Gã, ní Twi àti ní Yorùbá, kí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ lè gbọ́, kí àwọn ìyá tí ń se kẹ́ńkè lẹ́yìn ọgbà náà sì gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìdí táńkà kan ń jò. Kò jò púpọ̀. Ẹ̀kán kan á rọra kóra jọ sí ẹnu irin, á wú, á já bọ́ sórí òkúta abẹ́ ojú irin, òmíràn á tún máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àtùpà ọwọ́ wọn ni bàbá kọ́kọ́ pa, wọ́n ní kí á jìnnà, wọ́n sì sáré lọ bá àwọn ìyá oníkẹ́ńkè. Omi ni wọ́n da sí gbogbo ààrò tó wà níbẹ̀. Kẹ́ńkè ọjọ́ náà bàjẹ́. Nígbà tó ṣe, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá dí ibi tó ń jò, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́ pẹ̀lú èébú lórí bàbá láti ẹnu àwọn tó jẹ gbèsè. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, wọn kò mọ ohun tí ẹ ṣe fún wọn." Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, inú ta ni yóò bí? Ẹni tó wà láyé ló ń bú ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2015, nígbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Òjò náà rọ̀ títí, pàǹtí ti dí odò Odaw pa, omi sì bo ojú irin tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ Odawna kò lè sọ pé ojú irin kan wà níbẹ̀ rí. Àwọn èèyàn tí òjò ká mọ́ Circle, oríta ńlá tó wà nítòsí wa, sá sí abẹ́ òrùlé ilé epo kan. Láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a wà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn epo. Imú mi ti mọ̀ kí ojú mi tó rí iná. Epo ti jò, ó léfòó, ó ń bá omi rìn, iná sì mú un. Ó lé ní 150 ẹ̀mí tó bá a lọ. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé dìde fi ẹnu tì í sórí sìgá kan tí wọ́n jù sínú omi elépo náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ju sìgá sómi kì í rò pé òun jù ú sí iná. Kò sí bàbá ará Ọ̀fà kankan níbẹ̀ tí yóò pariwo pé omi kọ́ nìkan ni ẹ dúró sí yìí.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, nítorí náà mo máa ń wá ìròyìn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilẹ̀ òkèèrè kà. Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti Lac-Mégantic ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 2013. Awakọ̀ kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó máa wa táńkà epo rọ̀bì 72. Ó gbé ọkọ̀ náà dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Nantes, ó lọ sùn. Ẹ̀ńjìnnì iwájú gbiná, àwọn panápaná wá pa á, wọ́n sì pa ẹ̀ńjìnnì náà pẹ̀lú. Bí ẹ̀ńjìnnì ti kú ni atẹ́gùn inú búréèkì ń jò díẹ̀díẹ̀. Búréèkì ọwọ́ méje tó dì kò tó nǹkan sí ìwúwo bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di òru, ọkọ̀ náà rọra gbéra fúnra rẹ̀, kò sí ẹ̀dá kan nínú rẹ̀, ó já wọ àárín ìlú, ó sì pa ènìyàn 47. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ìwé ẹrù kò sọ òtítọ́: wọ́n kọ ọ́ pé ewu epo náà kéré sí bó ṣe jẹ́ gan-an. Awakọ̀ náà jáde nílé ìtura, ó lọ bá àwọn panápaná, ó ń bá wọn fa àwọn táńkà tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn sẹ́yìn. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá òun àti àwọn méjì mìíràn sílẹ̀ ní 2018. Mo dúpẹ́ fún un. Ta ni yóò jẹ́jọ́ ìwé ẹrù tó purọ́?

Ní Kánádà kan náà, ní Halifax, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá ọdún 1917, ọkọ̀ ojú omi Mont-Blanc tó kún fún ẹ̀tù ogun gbiná. Èdè Faransé ni àwọn atukọ̀ rẹ̀ fi ń pariwo bí wọ́n ṣe ń sá, àwọn tó wà ní èbúté kò gbọ́ ọ, wọ́n tilẹ̀ ń rọ́ wá wòran. Oníṣẹ́ rélùwéè kan, Vincent Coleman, gbọ́ ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà, ó sì ti ń sá lọ kó tó yí padà sídìí wáyà rẹ̀, tó ń tẹ ẹ́ pé kí wọ́n dá àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ dúró. Ibẹ̀ ni ikú bá a. Bí mo bá ń wúre fún ọmọ oníṣẹ́ irin, orúkọ ọkùnrin yìí ni mo fi ń ṣe oríkì fún un.

Nílé wa níhìn-ín, ọkọ̀ ẹ̀tù ìfọ́pàta tó ń lọ sí ibi ìwakùsà bú gbàù ní abúlé Appiatse ní Gánà ní ọjọ́ ogún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ó sì pa abúlé náà run. Ìròyìn tó kàn wá ni pé wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn ará ibẹ̀ kó tó bú. Mo fi iye àwọn tó kú, tí kò pé ogún, wéra pẹ̀lú ti Ìkẹjà ní Èkó ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, nígbà tí ilé ohun ìjà àwọn sójà ń bú, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún aráàlú ohun tó ń dún àti ibi tí wọn yóò sá gbà, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, ọmọdé púpọ̀ nínú wọn, fi kó sínú kánáàlì Òkè Àfá nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ wọn ni iná kò kàn rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba iṣẹ́ bàbá ará Ọ̀fà ṣe. Nígbà tí àwọn fítà àti àwọn ọmọ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Odawna bá jókòó tì mí, mo máa ń fi ìka kọ nọ́ńbà sórí iyẹ̀pẹ̀ fún wọn, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara táńkà lórí pátákó aláwọ̀ ọsàn: 1203 ni bẹntiróòlù, 1267 ni epo rọ̀bì. Wọ́n ń kà á tẹ̀lé mi. Bí wọ́n bá rí i lára ọkọ̀ tó ń jò, mo ní kí wọ́n pa sìgá àti ààrò, kí wọ́n má yọ fóònù láti ya fọ́tò, kí wọ́n gba ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sá lọ, kí wọ́n sì máa pe orúkọ ẹrù náà ní gbogbo èdè tí wọ́n bá gbọ́.