Àkàrà Jẹ: Ọjọ́ Márùn-ún Tí Èmi àti Ọkọ Mi Lò ní Salvador

Kí a tó kúrò nílé ni àríyànjiyàn ti wà láàárín èmi àti ọkọ mi. Oyún inú mi ti pé oṣù mẹ́rin, a kò sì tíì fẹnu kò lórí èdè tí a óò máa bá ọmọ náà sọ. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, mo ní Yorùbá ni. Ọkọ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́. "Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ń fi Yorùbá gba ọmọ wọlé?" Bí ó ṣe máa ń bi mí nìyẹn.

Nígbà tí a rí owó díẹ̀ kó jọ láti ṣe fàájì kí ọmọ tó dé, èmi ni mo yan Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíl. Mo ti kà nípa ìlú náà púpọ̀ ní yunifásítì. Kí n má parọ́, mo rò pé ìlú náà yóò bá mi borí àríyànjiyàn wa.

Ìlú etí òkun ni Salvador. Ọdún 1549 ni àwọn Pọtogí tẹ̀ ẹ́ dó, òun sì ni olú-ìlú Bràsíl títí di ọdún 1763. Apá kan ìlú náà wà lórí òkè, apá kejì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá omi. Ẹ̀rọ kan tí ń gbé ènìyàn ròkè, tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda, ló so apá méjèèjì pọ̀ láti ọdún 1873. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 72. Bí ènìyàn bá dúró lókè níbẹ̀, yóò rí ibi tí òkun ti yà wọ inú ilẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi tò sí lórí omi bí ẹyẹ lékeléke.

Ọjọ́ Ẹtì ni a dé. Nígbà tí a jáde lọ́sàn-án, aṣọ funfun ni a ń rí lọ́rùn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkọ mi bi mí bóyá ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni gbogbo wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá ṣàlàyé fún un pé Oxalá, ìyẹn Òrìṣà-ńlá, ni wọ́n ń torí rẹ̀ wọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí etí adágún omi Dique do Tororó, níbi tí ère àwọn òrìṣà gàgàrà gbé dúró lórí omi. Mo ń nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Ṣàngó nìyí, Ọ̀ṣun nìyí, Ògún nìyẹn. Ọkọ mi kàn ń mi orí ni. Mo ti rò pé mo ti borí.

Ṣùgbọ́n ojú tì mí láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tí ó jọ ìyá ìyá mi bí ìmumu, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, mà." Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi èdè Pọtogí dá mi lóhùn. Mo tún dán an wò lára ẹni méjì mìíràn, kò sí ẹni tí ó gbọ́ mi. Nínú ilé òrìṣà, wọ́n ń fi èdè wa kọrin. Nínú orúkọ oúnjẹ, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè jẹ́ kíkí tí mo kí i.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni a gun òkè lọ sí Pelourinho. Àdúgbò tí ó rẹwà ni. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, oríṣiríṣi ọ̀dà ni wọ́n fi kun ilé ibẹ̀, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 1985. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni òpó tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́ láti nà án. Mo sọ fún ọkọ mi nípa àwọn ará wa tí wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀, àti nípa àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n dìde sí àwọn olówó wọn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1835. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, láti inú "ìmàle" tiwa. Wọ́n yìnbọn pa àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì na àwọn mìíràn lẹ́gba. Ọdún 1888 ni ìmúnisìn ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní Bràsíl.

Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn kan, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò sọ fún mi rí láti ọdún méjì tí a ti ṣègbéyàwó. Ó ní nígbà tí òun wà ní kíláàsì kẹrin, òun fi Yorùbá tọrọ pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun. Olùkọ́ fi okùn so pátákó kan kọ́ òun lọ́rùn títí ilé-ìwé fi parí, àwọn ọmọ yòókù sì ń pàtẹ́wọ́. "N kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ sí ọmọ mi lọ́rùn," ni ó wí. Mo ti ń pè é ní ẹni tí kò mọyì èdè rẹ̀, láìmọ̀ pé egbò ni mo ń tẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, a lọ sí Rio Vermelho. Ìyá kan jókòó ti agbada epo pupa, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì funfun gbàgẹ̀rẹ̀, ó wé gèlè funfun. Acarajé ni ó ń dín. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà ni. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi ata, edé àti vatapá sí i láàárín. Ọbẹ̀ kíki ni vatapá. Búrẹ́dì, ẹ̀pà, edé àti wàrà àgbọn wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíl ka iṣẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn.

Ọkọ mi jẹ ẹyọ kan, ó jẹ èkejì. Ó fi fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìyá náà pé àwa náà ń jẹ ẹ́ nílé. Ìyá ní, "Acarajé?" Ọkọ mi ní, "Àkàrà." Ó wá gbé ọwọ́ lọ sí ẹnu, ó ní, "Jẹ." Ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀: "Àkàrà. Jẹ." Ìyá dẹ́kun iṣẹ́. Ojú rẹ̀ là. Ó pe ọmọbìnrin tí ń bá a ta ọjà, ó sì sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀rọ̀ méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ní ọ̀nà ilé ìtura wa, mo ronú pé ẹgba kò lè lé èdè kúrò nínú agbada àti nínú orin, ṣùgbọ́n ó lé e kúrò nínú ìkíni. Àwa tí a ṣì ń rí ẹni dá wa lóhùn, ọwọ́ ara wa ni a fi ń lé e. Ọkọ mi kò sọ pé òun ti gbà pẹ̀lú mi. Ohun tí ó sọ ni pé, "Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ti ń so pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn, a kò ní mú un débẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí a di ẹrù wa tán, ó gbé ọwọ́ lé mi níkùn, ó ní, "Ọmọ mi, o kú ìrìn o." N kò fèsì. Kì í ṣe èmi ni ó ń kí.