Ẹbí Wa Lọ Pẹja Ní Àgbádárìgì

Láti ìgbà tí a ti dé láti etí òkun ni àwọn ará ti ń bi wá léèrè bí ẹbí tí ó tó ènìyàn mẹ́tàlélógójì ṣe lè lọ pẹja, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí gbogbo wọn sì padà sílé láìku ẹnì kan. A ní kí á kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó má baà di pé à ń rò ó lójoojúmọ́.

Ọdún márùn-ún márùn-ún ni àwọn ọmọ Màmá máa ń pàdé. Àwọn kan ń ti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wá, àwọn kan ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá, àbíkẹ́yìn Màmá sì ń ti Houston ní Amẹ́ríkà wá. Ilé Màmá ní Agége ni a máa ń kóra jọ sí. A ó jẹ ìrẹsì, a ó ya fọ́tò, a ó jà díẹ̀ lórí ẹni tí kò tíì san owó ẹbí, ó parí. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí a ń ṣe ìpàdé lórí fóònù, àbíkẹ́yìn ní ó ti sú òun. Ó ní ní Galveston, létí òkun Texas, ọkọ̀ ńlá wà tí ó máa ń kó èrò lọ sójú agbami láti pẹja. Wọn a fún olúkúlùkù ní ọ̀pá àti ìwọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ a sì bá wọn tún ẹja wọn ṣe kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí á ṣe irú rẹ̀ nílé. Àwọn ọmọ pariwo ayọ̀ lórí fóònù. Àwa àgbà tí a jókòó ti Màmá dákẹ́, gbogbo wa sì yíjú wò ó.

Àbíkẹ́yìn kò lè mọ̀ ọ́n bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí wọn kò tíì bí i nígbà náà. Ọjọ́ Ajé Ọdún Àjíǹde ní 1974 ni àkọ́bí Màmá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré létí òkun Èkó, tí kò sì padà wá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọ̀kan nínú àwa tọkọtìyàwó tí à ń kọ èyí ni ó tẹ̀lé e. Àwọn tí ó wá kí Màmá ń sọ fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Títí di òní Màmá kì í fẹ́ gbọ́ òwe yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ omi tí ó wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kì í dárúkọ òkun nínú ilé yẹn.

Màmá kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ lọ. Ta ni yóò máa ka àwọn ọmọ?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ó ní kí a lọ wádìí omi náà wá ná, kí a tó tún bá òun sọ̀rọ̀ kankan. Bí iṣẹ́ náà ṣe já lé àwa méjèèjì lọ́wọ́ nìyẹn.

Ariwo pọ̀ lórí ibi tí a ó lọ. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin fẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ dára púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ ra ẹja, ṣùgbọ́n ọ̀sà ni tibẹ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ rí òkun. Àna wa tí ó jẹ́ ará Ìlàjẹ dárúkọ Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Ọkàn wa fà sí i, àmọ́ òkun ti gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, ilé ń wó lé wọn lórí. Kò yẹ kí á kó ènìyàn mẹ́tàlélógójì lọ bá ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò sùn pé kí ó wá ṣe wá lálejò. A fẹnu kò sí Àgbádárìgì, nítorí ọ̀sà àti òkun wà nítòsí ara wọn níbẹ̀, ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó là wọ́n láàárín. Ẹni tí ẹ̀rù òkun bá ń bà lè dúró ti ọ̀sà.

Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá ni àwa méjèèjì kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà Àgbádárìgì kì í ṣe ọ̀nà tí à ń fojú di. Láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, ẹni tí ó bá sì ń lọ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú sùúrù dání bí ó ti ń mú omi mímu dání. Àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ti ń sọ pé ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023 ni àwọn yóò wọ̀. A ní kò burú, ẹ ó kàn sọ̀kalẹ̀ níbi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà tí a dé ìlú, a yà wo ibi tí igi Agia wà. Lábẹ́ igi yẹn ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù ní 1842. Igi náà wó ní 1959, ọwọ̀n ìrántí ni ó dúró níbẹ̀ báyìí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845, ṣì ń kọjú sí ọ̀sà. A ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún méjèèjì nínú ètò wa, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà sókè òkun.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé wa sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi rìn lórí iyanrìn, láàárín igi àgbọn, títí a fi gbọ́ ohùn òkun. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí a ti ń rìn.

Bàbá aláwọ̀n kan, ọmọ Ègùn, ni ó mú wa lọ. A bi í nípa ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sójú agbami bíi ti Galveston. Ó ní ọkọ̀ tí ó ń la ìgbì kọjá létí òkun yìí, ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀ ni í wọ̀ ọ́. Ó dúró, ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ojú omi. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ibo ni ẹ ó ti bọ́ sí i?"

A wo omi. Ìgbì ń fọ́ níbí, ó ń fọ́ lọ́hùn-ún, ìfófòó rẹ̀ funfun báláú. Ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, ojú ibì kan wà tí omi dúdú díẹ̀, tí ó dákẹ́, tí ìgbì kì í fọ́. Ibẹ̀ ni àwa méjèèjì nawọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi orí. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ikú wà. Omi tí ìgbì ń dà sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbi tí ó ti wá. Yóò wá ojú kan tí ó jìn gbà, yóò sì máa sáré jáde lọ sínú agbami bí odò. Nítorí pé ibẹ̀ jìn, tí omi sì ń jáde níbẹ̀, ni ìgbì kì í fi í fọ́ dáadáa lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ibẹ̀ ni ó rọ̀ jù. Bí omi náà bá sì ti gbé e, tí ó ń bá a jà láti wẹ̀ tààrà padà sí ilẹ̀, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì rì. Ohun tí ó yẹ ni kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó léfòó, kí ó nawọ́ sókè kí wọ́n rí i, kí ó sì wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí ó ń rìn lọ létí òkun, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ omi tí ń fà á, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

A wo ara wa. Ní 1974, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n wa sọ pé ó ní òun kò lè wẹ̀ níbi tí omi ti ń ru, òun ń lọ síbi tí ó dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ pé oríkunkun ni ó pa á, àwọn mìíràn ní Olókun ni ó mú un. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí Bàbá yìí sọ fún wa rí.

Nígbà tí a délé, a ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá, a kò fi èyí tí ó le pamọ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ó ń ṣọ́ra ni, nígbà náà."

A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ń ṣọ́ra ni."

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì ó ránṣẹ́ pè wá. Ó ní òun náà ń bọ̀. Ẹni ọdún 87 o! Ṣùgbọ́n ó ṣe òfin méjì: kò sí ẹni tí yóò wẹ̀ nínú òkun, ìbáà ti gba ife-ẹ̀yẹ lórí omi wíwẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun fúnra òun ni yóò sì máa ka àwọn ọmọ.

Bàbá aláwọ̀n ti sọ fún wa pé ohun tí ó bá ẹbí ńlá mu ni àwọ̀n fífà. Àwọn atukọ̀ yóò fi ìdí okùn kan sílẹ̀ lórí iyanrìn, wọn yóò gbé àwọ̀n gba inú omi yípo bí òṣùpá lẹ́bẹ́, wọn yóò sì mú ìdí kejì padà wá sórí ilẹ̀ lókèèrè. Ọ̀wọ́ méjì ni yóò wá máa fà á, tí wọn yóò sì máa sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí ikùn àwọ̀n yóò fi gúnlẹ̀. Ó lè gbà tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ní ènìyàn púpọ̀ ni ó ní agbára àwọ̀n. Ó ní kí á wá nígbà ọyẹ́, nítorí láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni òkun máa ń le jù. Èyí bá wa lára mu, nítorí ìparí ọdún ni àwọn ará òkè òkun ń wálé. A san owó ìfà kan, ẹja wá o, ẹja kò wá o. Ohun tí ó bá wá, a ó pín in ní ìdajì pẹ̀lú àwọn tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu kò lórí èyí kí ọjọ́ tó pé. Ọ̀rọ̀ owó létí omi kì í dùn.

Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó wà nínú wa. A ra fìlà pupa fún gbogbo wọn, aṣọ ẹbí ni àgbà wọ̀. A pín ọmọ fún àgbà, tí kò fi sí ẹni tí ọmọ tí ó ń ṣọ́ ju méjì lọ. Àbíkẹ́yìn gba fèrè. Ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ni ó fún wa ní iṣẹ́ jù. Èyí tí ó wà nínú ọkọ̀, ti àgbàlagbà ni. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún ọmọ kékeré, yóò yọ bọ́ lọ́rùn rẹ̀. A kó tiwa lọ, a sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé láti mọ̀ bóyá ó bá a mu. A sọ fún àwọn atukọ̀ pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a ó ti sọdá padà, nítorí òru kì í ṣe àkókò ọkọ̀ ojú omi. A se ìrẹsì, a gbé gààrí àti omi mímu. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹja tí ó ṣì wà nínú òkun yóò sùn lébi. Ẹ bi Pétérù.

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọjọ́ pé. A gbàdúrà létí ọ̀sà, a sọdá. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin gbé Màmá lórí àga oníke, ó ń bá wọn jà pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ kí òun rìn. Nígbà tí ó rí òkun, ó pa ẹnu mọ́. A tẹ́ ẹní fún un lókè, jìnnà sí omi, ó jókòó.

A fa àwọ̀n. Ọwọ́ bó, ẹ̀yìn ń ro wá. Àbíkẹ́yìn tí ó mọ Galveston ni ó kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ikùn àwọ̀n gúnlẹ̀, ọ̀rá àti ike inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹja lọ. A rí ṣáwá, a rí àpò mélòó kan, akàn méje, àti kúta kan tí eyín rẹ̀ dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Ìdajì tiwa kò kún agbada. A ra ẹja kún un lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ó dúró tì wá, tí wọ́n ti mọ̀ pé a ó rà. Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ fi ìwọ̀ àti edé pẹja nínú ọ̀sà. Ẹ̀pìà ni wọ́n rí jù. Ọ̀kan rí ọ̀bọ̀kún, ó fi ọwọ́ lásán dì í mú, ẹ̀gún rẹ̀ sì gún un. Aṣọ ni kí ẹ fi máa di ọ̀bọ̀kún mú.

Kí á tó kúrò létí òkun ni Màmá ní kí a fa òun dìde. Ó rìn lọ síbi tí okùn àwọ̀n wà lórí iyanrìn, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kàn án. Okùn náà ṣì tutù. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun kan.

Ní agogo mẹ́rin, àwọn ọmọ ti wà nínú ọkọ̀. Màmá ka fìlà pupa: mọ́kàndínlógún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan orí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan èyí tí ó kẹ́yìn, ó yíjú sí ìhà òkun, ó pe orúkọ kan tí a kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wá sọ fún atukọ̀ pé kí ó máa lọ.