Kẹ̀kẹ́ Raleigh Bàbá Yín: Ẹ Má Tíì Gbé E Fún Oníkòńdẹ́mù O!

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Maruwa o, kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko kòkó ni. Ìlú Ìbàdàn ni mo ti lọ wá a.

Reluwé tuntun, èyí tó ń kó èrò láti Èkó sí Ìbàdàn, ni mo wọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Mọníyà ló já wa sí. Mo wọ Micra kan tó ti darúgbó, a gba Òjòó, a gba Mọ́kọ́lá, ó di Dùgbẹ̀. Reluwé àtijọ́ ti dé Ìbàdàn láti 1901. Òun ló ń gbé kòkó lọ sí Èkó, òun náà ló ń gbé ọjà òyìnbó bọ̀. Àwọn kóńpìnnì òyìnbó ló kún Dùgbẹ̀ àti Gbági nígbà náà. Tí kòkó bá ti lówó lórí, kẹ̀kẹ́ á wọ abúlé. Ẹni tó bá ní Raleigh láyé ijọ́un, gbajúmọ̀ ni. Ó ń fi í ru àpò kòkó, ó ń fi í gbé aya rẹ̀ ròde.

Kí ló wá dé? Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò SAP jáde. Náírà já wálẹ̀, ọjà òkèèrè di ọ̀wọ́n gógó. Ọ̀kadà náà wá gba títì. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe dèrò ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, tí adìyẹ ń sùn lé e lórí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÓJÚ MI

Mo gba ọ̀nà Bẹẹrẹ, níbi tí páànù òrùlé ti pọ́n lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo bá baba atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan tó ti lé ní 70 ọdún níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní kí n má kọ orúkọ òun o, kí olè má baà wá kí òun lóru.

A ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ti kẹ̀kẹ́ dúdú kan dé. Kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ àgbà ni, ó fẹ́ kí Baba bá òun tú táyà rẹ̀ kúrò. Oníkòńdẹ́mù ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa wọ̀n tó nǹkan bíi 20 kílò, owó irin lásán ló sì fẹ́ san.

Baba mú àkísà, ó rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, ó nu iwájú kẹ̀kẹ́ náà. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan, tó jọ lékeléke, yọ lára bájì rẹ̀. Àmì Raleigh nìyẹn. Baba tún nu họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ó ní kí n wá wò ó. Mo rí AW àti nọ́ńbà 58. Ó ní oníjíà mẹ́ta ni, pé 1958 ni wọ́n rọ họ́ọ̀bù náà.

Ó ní, "Ọmọ mi, a ò tíì gbòmìnira nígbà tí wọ́n ṣe nǹkan yìí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lọ yọ́ ọ ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Baba, ẹ má bínú. Owó sukúù ọmọ mi ni mò ń wá. Wọn ò gba ìtàn ní sukúù."

Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Nígbà tó yá, Baba tọwọ́ bàpò. Ó ka iye tí oníkòńdẹ́mù fẹ́ san fún un, ó fi díẹ̀ lé e. Wọ́n sọ ọ́ pé kẹ̀kẹ́ á wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó bá ń mú wọlé, wọn á jọ máa pín in. Oníkòńdẹ́mù pòṣé, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo bi Baba pé kí ló fẹ́ fi í ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ń ṣe fíìmù ayé àtijọ́ ń wá, ìyàwó ọ̀ṣìngín náà ń wá. "Láyé ijọ́un, ọmọdé ló ń háyà kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ mi láti fi kọ́ gígùn. Ní báyìí, àgbàlagbà ló ń háyà ẹ̀ láti fi ya fọ́tò."

OWÓ Ń BẸ LÁRA ÀLÒKÙ

Ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá kóńpìnnì Raleigh sílẹ̀ ní 1888. Òun náà ló ra iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Humber ní 1932, ó ra Rudge ní 1943, ó ra ti BSA ní 1957. Ní 2002, wọ́n ṣíwọ́ títo kẹ̀kẹ́ ní Nottingham pátápátá.

Ẹ wá gbọ́ ìyanu. Ní ọ̀hún, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ dúdú bíi ti bàbá wa ni wọ́n ń lé kiri jù, torí ó pọ̀ níta. Chopper ni, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó gbòde láàárín 1970 sí 1980. Nígbà tí Raleigh tún un ṣe ní 2023, £950 ni wọ́n tà á, àwọn èèyàn sì rọ́ lù ú. Àwọn wo ló ń rà á? Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ni. Ohun tí ojú ọmọdé rí tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó, tó bá dàgbà tó lówó, á wá a lọ. Ohun tó ń gbé owó àlòkù sókè nìyẹn, òun náà ló sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí ìran náà bá ń kọjá lọ.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn Baba. Ẹ má kun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà tó bá a wáyé ni àwọn tó mọyì rẹ̀ ń wá. Ẹ má tú aago, iná, pọ́ńpù, tàbí ìjókòó aláwọ Brooks rẹ̀ tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá rí èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jẹ́ irin méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ Humber. Àmọ́ ẹ má tan ara yín o, Raleigh kan ò lè kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n odindi kẹ̀kẹ́ ju àpò irin lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, tí Baba ò sì sí níbẹ̀, kí lẹ bá ṣe? Ta ló sì ní kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ nílé di bí mo ṣe ń wí yìí? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ojú ìwé lẹ́tà ń retí yín.