Ère Tí Kò Lórúkọ Mọ́

Ní abúlé wa lẹ́bàá Lálúpọn, ère igi kan wà nínú oko kòkó bàbá àgbà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án yóò fọ́jú. Mo bèèrè orúkọ òrìṣà náà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, a kì í pè é lásán.” Wọ́n papò dà láìsọ ọ́; ikán sì jẹ ère náà tán.

Ní Èsìẹ́, Ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tí ó lé ní 1,000 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní 1945. A kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ará ìlú ní àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Wọ́n ṣì ní ìtàn. Tiwa ńkọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ tètè bi àwọn àgbà yín léèrè.